Díìsìkì Àwọn Ọmọ Hazo

Ẹ̀yin ọmọ Narayi, ẹ̀yin ará Tudun Wada, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ orin àwọn ọmọ Hazo, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti fẹ́ pa mí, mo fẹ́ bì í síta lónìí. Àwọn ẹlòmíì máa ń dúró dìgbà tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́. Wọ́n á nà gbalaja, wọ́n á ní kí wọ́n pe gbogbo ilé, ohùn wọn á máa já, gbogbo èèyàn á sì ti máa sunkún kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Èmi ò sí lórí ibùsùn àìsàn o. Mo jẹ iṣu sísun àti epo láàárọ̀ yìí, mo sì ti bá mẹ́ruwà jà pé omi rẹ̀ ń rùn. Ara mi le kokooko, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ọjọ́bọ̀ lòní. Lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, ni àwo orin tuntun àwọn ọmọ náà máa jáde, wọ́n sì ti sọ fún mi pé kí n ti sọ òtítọ́ kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Níbi tó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tìtorí ẹ̀rín dárí jì mí.

Orúkọ mi ni Tèmidire Bádéjọ. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ yẹn á mọ Ìyá Oníbọ́tìnnì, obìnrin tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì ta bọ́tìnnì, òwú àti sípù fún àwọn télọ̀ ní Sabon Tasha. Mo sanra, mo lariwo, tí mo bá rẹ́rìn-ín ní Narayi, wọ́n á gbọ́ ọ ní Trikania. Ọmọ ọmọ mi, Moyinọlá, ló ń kọrin nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Hazo. Hazo ni àwọn Hausa ń pe kùrukùru ọyẹ́, ìyẹn tó máa ń bo ojú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí èèyàn ò ní rí ẹni tó ń kí i. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jẹ́ nígbà náà. Moyinọlá ń kọrin. Dámi, ọmọ Trikania kan tó tínrín bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ń fi kọ̀ǹpútà to orin náà pọ̀. Ẹnì kẹta ni Zubair, òun ló ń tẹ dùùrù oníná. Wọn ò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan, yàrá ẹ̀yìn ilé mi ni iléeṣẹ́ wọn. Èmi fúnra mi ni mo tọrọ páálí ẹyin lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́yin, tí a fi lẹ ara ògiri kí ariwo má bàa jáde. Ní ti orin náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ síwájú sí i nínú ayé mi: nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo sáré jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀, mo rò pé òun ló fẹ́ gbiná. Kò sí agogo, kò sí ìlù, ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta bá sùn lọ tó ń lálàá. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kejì, mo bá ara mi tí mò ń fi ìdí jó o nídìí iná.

Ẹni tó bá mọ Kaduna mọ̀ pé odò wà láàárín wa. Láti ìgbà ìjà ọdún 2000 ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti kó wá sí ìhà gúúsù, tí àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí ìhà kejì, tí kálukú sì ń wo kálukú láti òkè afárá. Zubair ń gba orí afárá yẹn wá ní gbogbo Sátidé, tòun ti dùùrù lẹ́yìn bí ẹni pọnmọ. Ọmọ Alhájà Amudat ni, Ìlọrin ni wọ́n, bàbá bàbá rẹ̀ ló wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Tudun Wada. Ó máa ń kúnlẹ̀, á ní, "Kaka, ẹ kú ilé o." Kaka ni àwọn ọmọ ń pe ìyá àgbà níbí, Hausa ni. Moyinọlá tèmi kì í kúnlẹ̀, "o" ló máa ń pè mí bí ẹni pé a jọ lọ sílé ìwé, Hausa ló ba ẹnu òun àti Dámi jẹ́. Nítorí Zubair ni mo ṣe ra búútà tuntun tó fi ń ṣe àlùwàlá, mo tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin ìjọ wa kan rí i, ó ní, "Ìyá, ẹ ti kọ́ mọ́ṣáláṣí." Mo ní, "Ọmọ tó ń gbàdúrà ló wà nínú ilé mi, tìrẹ ńkọ́?" Ẹ rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, àwọn kan ní Àbújá ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ṣeré níwájú èrò, kí wọ́n gbé àwo orin wọn dání, pé àwọn á bá wọn gbé e jáde. Àwọn ọmọ fò sókè, wọ́n gbé mi yípo títí tí ẹ̀yìn Dámi fi dùn ún. Èmi náà pariwo, ṣùgbọ́n nínú mi, nǹkan kan ti dì pọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọ̀nà Àbújá. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, Ọlátúnbọ̀sún, bàbá Moyinọlá, dírébà ojú ọ̀nà yẹn ni. Ní 2019, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú èrò mẹ́fà. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá igbó, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí ìjókòó. A ò rí òun títí dòní. Mo sọ fún Moyinọlá pé, "Ẹ wọ reluwé." Ó ní, "Kaka, tíkẹ́ẹ̀tì ti tán." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀." Ó ní, "Kaka, wọn ò ní dúró dè wá. A máa tètè jáde láàárọ̀." Mo ní, "Bàbá rẹ náà tètè jáde." Ó kàn dì mọ́ mi, ó ní, "Kaka, don Allah," bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin tó ń bẹ̀ mí fún súgà. Mo dákẹ́. Èmi tí mi ò dákẹ́ rí! Ó yẹ kí wọ́n ti fura.

Sátidé ni wọ́n fẹ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kọ̀ǹpútà Dámi ti kú, kò jí mọ́. Gbogbo orin wọn, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ, wá kù sínú díìsìkì kan ṣoṣo, ohun dúdú kan tí kò tó ọṣẹ ìfọṣọ. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ yàrá ẹ̀yìn. Mo rò ó pé, tí díìsìkì yẹn bá sọnù títí Sátidé á fi kọjá, wọn ò ní lè lọ. Tó bá di ọjọ́ Ajé, èmi náà á ṣe bí ẹni pé mo rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó dúpẹ́, ó parí. Èrò mi nìyẹn. Kò sí ibi nínú rẹ̀, àbí mo rò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Moyinọlá àti Dámi lọ sí Sabon Tasha. Zubair yà wọlé, ó ní òun gbàgbé wáyà dùùrù òun. Ó wọ yàrá, ó mú wáyà sínú báàgì, ó jẹ àkàrà méjì lórí ìdúró, ó ní, "Kaka, ó dàárọ̀ Sátidé," ó sì lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kọjá géètì ni mo wọ yàrá náà. Mo mú díìsìkì náà, mo kì í bọ ìdí ìró, níbi tí mò ń kó gbogbo nǹkan iyebíye sí: kọ́kọ́rọ́, fóònù, áńkáṣíìfù. Mo ti gbé ẹyin síbẹ̀ rí, kò fọ́.

Ẹ wò ó, èmi kì í ṣe olè. Olè gidi, inú rẹ̀ máa ń le. Tèmi tú. Ẹ̀rù ká mi níkùn, ìfun mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, mo sáré. Omi ò yọ nílé láti ọjọ́ kẹta, a ti ti ilé ìgbẹ́ inú ilé pa, ṣaláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé nìkan ló kù. Mo wọlé, mo tú ìró, mo lóṣòó. Mo gbọ́ pọ̀ọ̀! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni. Mo ní, "Tèmidire, kí lo jẹ?" Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan ìdí ìró mi. Mo tan iná fóònù sínú ihò yẹn, mo rí igun rẹ̀ kan tó ń dán, ó ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Mo sáré mú ọ̀pá tí a fi ń já máńgòrò, mo tì í bọ̀ ọ́. Dípò kó gbé e sókè, ṣe ló tẹ̀ ẹ́ rì. Mo dúró níbẹ̀ tòun ti ọ̀pá, ìró mi wà nílẹ̀, ìdí mi wà níta, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ àwọn ọmọ mẹ́ta sì ti lọ sínú ìgbẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni ẹ̀rín parí sí.

Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá bínú, wọn ì bá sunkún, bóyá Moyinọlá ò ní bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù kan. Mi ò sọ ọ́. Wọ́n dé, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n tú yàrá, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì dànù. Èmi náà bá wọn wá a, mo tiẹ̀ wá a nínú ìkòkò ọbẹ̀. Moyinọlá wá dúró níwájú mi, ètè rẹ̀ funfun, ó ní, "Kaka, ta ló wọ yàrá yìí lónìí?" Mo lè sọ pé èmi ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Zubair nìkan ni mo rí tó wọlé." Dámi ní, "Ṣé ó gbé báàgì?" Mo ní, "Ó gbé báàgì." Ẹ wo irú irọ́ tí mo pa: òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Moyinọlá ní, "Zubair? Haba!" Ó pè é lórí fóònù, gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Nígbà tó yé e, ó ní, "Wallahi ba ni ba ne." Ó ní kì í ṣe òun, ó ń fi Ọlọ́run búra. Dámi ní, "Ó ti ń fẹ́ dá ṣe tiẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Mo rí iyèméjì tó wọ ojú Moyinọlá, mo rí i bó ṣe wọlé, mo sì jẹ́ kó jókòó.

Ṣé ẹ̀ ń retí pé kí n sọ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí? Ní ọjọ́ kejì, àwọn aládùúgbò bi mí lọ́dọ̀ mẹ́ruwà pé kí ló ń pa Moyinọlá lẹ́kún. Ẹnu mi tó tóbi yìí ní, "Ọmọ Tudun Wada kan ló jà wá lólè." Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní oríta wa gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán Sunday, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Zubair gba orí afárá wá fúnra rẹ̀, pé òun fẹ́ bá wa wá díìsìkì náà. Wọ́n dá a dúró ní oríta. Mo gbọ́ ọ láti ẹnu géètì mi: "Ɓarawo! Olè!" Mo yọjú. Wọ́n ti tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́, ẹnì kan mú sípánà dání, ó ní, "Ṣé ọwọ́ yìí lo fi gbé e?" Ó lu ú. Mo pariwo pé, "Ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ fi í sílẹ̀!" Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo pariwo rẹ̀, kódà mo sunkún. Ohun tí ò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, "èmi ni," kò jáde. Bàbá kan tó ń ta táyà ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìka rẹ̀ méjì ló ṣẹ́, ìka ọmọ tó ń tẹ dùùrù. Wọ́n wò ó sàn, ṣùgbọ́n àwọn ìka náà tẹ̀, wọn ò nà mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Alhájà Amudat wá. Ọmọ rẹ̀ la ṣe léṣe, òun ló sì tún gbé nǹkan wá kí mi: ike wàrà kan, bí àwọn ará Ìlọrin ṣe máa ń ṣe é, tó funfun, tó sì rọ̀. Ó jókòó, kò bú mi. Ó ní, "Ìyá, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mi ò bí olè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ fún mi pé ẹ fi ojú ara yín rí i tó gbé e, màá gbà, màá sì fọwọ́ ara mi mú un wá. Ṣé ẹ fi ojú yín rí i?" Ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Mo ní, "Alhájà, òun nìkan ló wọlé. Ta ni kí n wá sọ pé ó gbé e?" Ó dìde. Ó ní, "Ó dáa, Ìyá. Ọlọ́run wà níbẹ̀." Ó gbàgbé láti gbé ike rẹ̀ lọ. Mo jẹ wàrà náà. Mo dín in, mo fi ata sí i, mo jẹ ẹ́ tán. Títí dòní, nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ti jẹ láyé, òun ni mi ò lè gbàgbé.

Wọn ò lọ sí Àbújá. Mo máa ń wo Moyinọlá bó bá ń sùn lọ́sàn-án, màá sọ fún ara mi pé, ó wà láàyè, ó wà nílé mi, kí ni mo tún ń fẹ́? Fún ọdún kan gbáko, kò kọrin. Lẹ́yìn náà ni òun àti Dámi tún bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì péré. Wọ́n ra dùùrù oníná kékeré kan, wọ́n tún àwọn páálí ẹyin lẹ̀. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi ṣe àwo tuntun yìí, orin mẹ́wàá. Ó sì dùn o. Àní ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀, ìbànújẹ́ ti wọ inú ẹ̀rọ. Orin keje ni wọ́n pè ní "Ọ̀rẹ́ Àná." Ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ní oṣù tó kọjá, Dámi ní, "Kaka, ohùn rẹ la fẹ́ fi parí orin yìí. Ìwọ lo fún un lóúnjẹ. Sọ ọ́ bí o ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an." Ẹ lè máa rò pé ìka tó ṣẹ́ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Rárá. Ọjọ́ ìka yẹn, ẹ̀rù ló mú mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n gbé máìkì sí mi lẹ́nu, mo gbọ́ èémí ara mi bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Mo ní, "Zubair, mo fún ọ lóúnjẹ nínú ilé mi, o jà mí lólè." Dámi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Kaka! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti pé!" Orí mi wú. Ẹ gbọ́ o, orí mi wú! Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, mo lè fi ẹkún díẹ̀ sí i." Mo tún un sọ, mo fi ẹkún sí i. Ẹkún náà wá wẹ́rẹ́, mi ò wá a rárá.

Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, wọ́n gbé àwo náà wá sí pálọ̀ kí n gbọ́ ọ tán látòkè délẹ̀. Mo jó orin kìíní, mo jó ìkejì. Nígbà tó kan ìkeje, dùùrù náà bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n: ohun tí Zubair máa ń tẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ni, Moyinọlá ti há a sórí fún ọdún mẹ́ta. Ohùn mi wá wọlé. Dámi ti gé e wẹ́wẹ́, ó ń sọ ọ́ léraléra: o jà mí lólè, o jà mí lólè, o jà mí lólè. Àyà mi ń lù tẹ̀ lé e. Mo ní kí wọ́n pa á, wọn ò gbọ́, ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀. Nígbà tó tán, Moyinọlá ń nu ojú. Ọmọ tí kì í kúnlẹ̀ fún mi yìí wojú mi, ó ní, "Kaka, nígbà míì mo ṣì máa ń rò pé bóyá kì í ṣe òun." Mo lanu pé kí n sọ pé, òun ni, má ro nǹkan mìíràn. Ó kọ̀, kò jáde. Ohun tó jáde ni, "Kì í ṣe òun. Inú ṣaláńgá ló wà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Dámi bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ìró, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Moyinọlá ò rẹ́rìn-ín, kò pariwo. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó dúró lórí ibi tí ṣaláńgá náà wà. A ti fi sìmẹ́ǹtì dí i láti ọdún tó kọjá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó lọ tààrà sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa orin keje rẹ́ lójú mi. Àwo náà ku mẹ́sàn-án. Ó ní, "Tèmi ni mo ṣe yìí. Ìwọ lọ wá Zubair." Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí mi láti ìgbà yẹn, àyàfi "jẹun" àti "ẹ̀rọ ti gbé omi."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti èmi wọ kẹ̀kẹ́ kọjá afárá. Zubair ti ń tún fóònù ṣe báyìí, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Alhájà Amudat rí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀," bí ẹni pé àná ni mo wá. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì níwájú ìyá àti ọmọ, mo sọ ọ́. Alhájà ní, "Ẹ dìde, Ìyá, orúnkún yín." Mo ní mi ò dìde, òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò lè dìde, èèyàn méjì ló fà mí sókè. Zubair ní, "Nínú ṣaláńgá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀rín náà sì dá. Alhájà ní, "Ìyá, wàrà yẹn ńkọ́, ṣé ẹ jẹ ẹ́?" Mo ní, "Mo jẹ ẹ́, Alhájà." Ó ní, "Ṣé ó dùn?" Mo ní, "Ó dùn." Ó mi orí, ó wọlé lọ. Zubair ní, "Kaka, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti sọ ọ́ fún mi. Oríta ni wọ́n ti pè mí lólè. Ọdún mẹ́ta, tí mo bá fẹ́ ra ọjà ní Sabon Tasha, mo máa ń gba ọ̀nà tó jìnnà jù, kí n má bàa gba iwájú wọn kọjá. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Kó tó di Jímọ̀." Láti inú ilé, ìyá rẹ̀ ní, "Zubair, ó ti tó." Ó ní, "Màmá, kò tíì tó."

Òótọ́ ló sọ, kò tíì tó. Lónìí, tó bá di agogo mẹ́rin, nígbà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá kún oríta, màá lọ síbẹ̀. Ẹni tó mú sípánà lọ́jọ́ yẹn ti di ọ̀gá wọn báyìí, "Ìyá wa" ló ń pè mí, ó máa ń bá mi gbé ẹrù. Mo ti lọ sílé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù pé wọ́n á lù mí. Wọn ò ní lù mí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá Oníbọ́tìnnì, ẹ ò tiẹ̀ dáa o," wọ́n á fún mi ní bẹ́ǹṣì jókòó. Kò sí ẹni tó máa tẹ ọwọ́ tèmi mọ́ irin. Èmi tí mo gbé e gan-an, kò sí ìka mi kan tó máa ṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n nìyẹn, kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn: kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Moyinọlá ní òun máa gbé ìwé yìí síbi tí wọ́n á gbé orin náà sí, kí ẹni tí kò bá sí ní oríta lè kà á. Ẹ̀yin ọmọdé tí ẹ bá ń kà á, tí ẹnì kan bá bi yín léèrè ohun tí ẹ mọ̀, ẹ má sọ ìdajì rẹ̀. Zubair, mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o padà wá sílé mi. Mi ò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o tún máa pè mí ní Kaka. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún ni pé kí o lè gba oríta wa kọjá lọ sí Sabon Tasha lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, láìyára rìn. Tí ìyẹn bá ṣeé ṣe, tí ìwọ àti ìyá rẹ bá sì dárí jì mí lẹ́yìn rẹ̀, màá dúpẹ́. Tí ẹ ò bá dárí jì mí, ẹ jàre.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní oríta ò gbọ́ Yorùbá, Hausa ni màá kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń kọ́ ara mi níwájú dígí bí mo ṣe máa sọ pé kì í ṣe Zubair, èmi ni. Agogo mẹ́rin ti lù. Ba Zubair ba ne. Ni ce.